Ewé Méjì, Ojú Kan: Ìtàn Títo Ojú Ìwé ní Ìbàdàn, Láti Orí Òjé Dé Orí Kọ̀ǹpútà

 Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a gbé ka iwájú yín ní alẹ́ òní, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí a ṣe ń to ojú ìwé ni a fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ ewé méjì tí ó máa ń kọjú síra wọn nígbà tí a bá ṣí ìwé àtìgbàdégbà sílẹ̀. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Ọjà'ba àti ará Bẹẹrẹ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni n ó fi dá a lóhùn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá wọn níbi ìnáwó òkú bàbá arúgbó kan ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ ìwé ìrántí olójú ewé mẹ́rìndínlógún, aláwọ̀ mèremère, wọ́n sì pín in fún gbogbo àlejò. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé kẹfà àti ìkeje, mo rí àwòrán bàbá náà tí wọ́n tẹ́ láti etí òsì dé etí ọ̀tún. Imú bàbá ti rì sínú ibi tí wọ́n ti fi irin rán ìwé náà pọ̀, ojú rẹ̀ kan sì ga ju èkejì lọ. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì mí gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ní kí ẹ la ojú bàbá yín sí méjì?"

Èyí nìkan kọ́. Ní ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ oríkì orílẹ̀ ìdílé náà ní lẹ́tà ńláńlá, láìsí àmì kan lórí, láìsí àmì kan nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ̀wé dìde láti kà á fún àwùjọ. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n kọ OMO OGUN sí, ó kà á sí "ọmọ ogun". Àwọn àgbà ilé figbe ta. Alágbẹ̀dẹ ni ìdílé náà láti ayébáyé. Ọmọ Ògún ni wọ́n. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn, agboolé tí ó lè jẹ́ ọmọ ogun pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rọ idà kì í ṣe ẹni tí ó yọ idà. Baba ńlá ẹlòmíràn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń kí lójú òkú.

Ta ni a ó dá lẹ́bi? Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí lójú ewé ló kà. Ẹni tí ó to ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà kò sì fi ìkà ṣe é. Lójú tèmi, ojú bàbá tí ó là sí méjì àti àmì tí ó jábọ́ lórí Ògún, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n. A gba irinṣẹ́ tuntun, a sì fi ìmọ̀ tí ó ṣáájú irinṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn atẹ̀wé ìgbà òjé mọ ibi tí ìwé ti ń pín, wọ́n sì mọ iye tí àmì kan ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á tọ ipasẹ̀ wọn.

Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣòro tí ó wà níwájú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé lẹ́tà Òyìnbó kò tó fún ohùn ẹnu wa. Wọ́n wá ọgbọ́n dá: wọ́n fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà kí ẹ má baà dà bí e, kí ọ má baà dà bí o, kí ṣ má baà dà bí s, wọ́n sì ń fi àmì sórí lẹ́tà láti fi ìró òkè hàn yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, nígbà tí ó sì di 1859, Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1875, ìjọ C.M.S. pe ìpàdé ní Èkó nítorí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè yìí sílẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àmì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ àwọn atẹ̀wé ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ayé ìgbà náà, ègé òjé kékeré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń to ìwé a dúró níwájú àpótí oníyàrá púpọ̀, a máa ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa tò wọ́n ní ìdojúdé, bí ẹni ń ka ìwé nínú dígí. Yàrá kan wà fún e, yàrá mìíràn wà fún ẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó kí wọ́n rọ lẹ́tà alámì fún un. Ohun tí ènìyàn bá fi owó rà, kì í dà á nù bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò pẹ́ dé Ìbàdàn. Ní 1911 ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, gbé Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde. Ní 1924, Dẹ́nrelé Ọbasá bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yoruba News ní ìlú yìí. Ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ilare Press, ni ó tẹ ìwé àwọn akéwì rẹ̀ ní 1927. Ẹ ronú sí i: nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè ní 1929, ó ti tó ọdún márùn-ún tí ará Ìbàdàn ti ń ka ìròyìn ní èdè abínibí rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, 1949, Nigerian Tribune ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ńláńlá tẹ̀dó sí Jericho, Ìbàdàn sì di ibi tí ìwé ti ń tú jáde lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwọn atẹ̀wé wọ̀nyí ní àdììtú kan tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́, ẹ̀yin náà sì lè dán an wò nílé lálẹ́ yìí. Ẹ mú pépà mẹ́rin, ẹ ká wọn sí méjì, ẹ kì wọ́n bọ inú ara wọn. Ìwé olójú ewé mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 16, kí ẹ sì wá tú u palẹ̀. Ẹ ó rí i pé 1 àti 16 wà lójú pépà kan náà, 2 àti 15 wà pọ̀, 6 àti 11 wà pọ̀, 7 àti 10 wà pọ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, 17 ni yóò jẹ́. Ewé 6 àti ewé 7 tí òǹkàwé rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n, orí pépà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti tẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí a bá rán ìwé pọ̀ ni wọ́n ń pàdé. Ewé 8 àti 9 nìkan, tí ó wà ní àárín gbùngbùn, ni ó jẹ́ pépà kan ṣoṣo.

Bí ojú bàbá wa ti Bẹ́yẹrúnkà ṣe là nìyẹn. Ìdajì ojú rẹ̀ wà lórí pépà kan, ìdajì kejì wà lórí òmíràn, ọwọ́ ẹni tí ń rán ìwé sì yẹ̀ díẹ̀. Kò sí ọmọ-iṣẹ́ atẹ̀wé ìgbà òjé tí kì bá tí mọ èyí kí ọdún tó yípo.

Lẹ́yìn òjé ni ọ̀nà mìíràn dé, èyí tí ó jẹ́ pé kámẹ́rà ni a fi ń ya ojú ìwé tí a ti tò, kí a tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni àwòrán wá gbayì gidigidi lójú ewé. Ìwé Black Orpheus tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957 ní iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger lára èèpo rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960, Atọ́ka ń gbé eré àwọn òṣèré wa kalẹ̀ ní fọ́tò lẹ́yìn fọ́tò, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré a sì wà lára àwòrán. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń to ìwé a fi abẹ gé ọ̀rọ̀ tí a ti tẹ̀ sórí pépà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, a ya ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí fọ́tò yóò wà. Bí àmì bá sì ṣaláìsí lórí lẹ́tà, a lè fi kálámù tọ́ ọ sí i. Ewé méjèèjì wà níwájú rẹ̀ pọ̀. Kò lè ṣe ọ̀kan kí ó má rí èkejì.

Ọdún 1985 ni ayé yí padà. Ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde. Ní 1985 wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter kún un, tí ó lè fi àmì tíńtínní 300 sínú íǹṣì kan. Ní ọdún kan náà, Paul Brainerd àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Aldus, gbé PageMaker jáde. Orúkọ Aldus Manutius, atẹ̀wé ìlú Venice tí ó kú ní 1515, ni wọ́n fi sọ ilé-iṣẹ́ náà, bí ẹni fi orúkọ baba ńlá sọ ọmọ tuntun. QuarkXPress tẹ̀ lé e ní 1987, CorelDRAW dé ní 1989. Adobe ra Aldus ní 1994, ó sì gbé InDesign jáde ní 1999, èyí tí ó gba ipò PageMaker.

Nígbà tí irinṣẹ́ wọ̀nyí tàn ká orílẹ̀-èdè wa ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ tí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ń pín ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tí ń to lẹ́tà, ẹni tí ń ya ìlà, ẹni tí ń lẹ àwòrán, ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò, gbogbo wọn di ọ̀dọ́ kan tí ó jókòó níwájú ẹ̀rọ. N kò ní bú u. Ohun rere ńlá ni. Ẹgbẹ́ kékeré, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti agboolé tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ Jericho wá lè tẹ ìwé tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin tí a yọ lẹ́nu iṣẹ́ bá ìmọ̀ wọn lọ, ẹni karùn-ún tí ó ṣẹ́kù kò sì jẹ́ ọmọ-iṣẹ́ wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí ó ṣe yẹ kí á ṣe é. Ká ní a fẹ́ fi ewé méjì sọ ìtàn Gbọ̀ngàn Mápó nínú ìwé àtìgbàdégbà kan. Ohun àkọ́kọ́ ni kí á sọ fún ètò orí kọ̀ǹpútà náà pé ewé tí ó kọjú síra ni a ń ṣe, kì í ṣe ewé anìkàndágbé. Òsì ni ewé onínọ́ńbà 2, 4, 6 máa ń wà, ọ̀tún ni ti 3, 5, 7. Bí ewé kan bá fẹ̀ ní mìlímítà 210, tí ó ga ní 297, ojú tí a ń tò jẹ́ 420 ní ìbú, ojú kan ṣoṣo ni kí á sì kà á sí.

Ẹ wo ọ̀nà tí ó gba àárín ilé kọjá ní Bẹ́yẹrúnkà. Ilé wà lápá ọ̀tún, ilé wà lápá òsì, àwọn aládùúgbò sì ń kí ara wọn láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé. Gbogbo ènìyàn ló ń gba ọ̀nà náà kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí àárín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ibi ìránpọ̀ ìwé rí. Òkè Mápó, ojú ọ̀run àti òrùlé páànù tí ó ti pọ́n ká lè gba ibẹ̀ kọjá. Ojú ènìyàn kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí gbọ̀ngàn náà gba ewé méjèèjì, kí á sún àwòrán sápá kan títí tí òpó kan kò fi ní bọ́ sí ibi ìránpọ̀. Bí àkọlé bá gba àárín kọjá, ààyè tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ni kí ó bọ́ síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kan má baà ṣẹ́ sí méjì.

Lẹ́yìn náà ni kí á pín ààyè tí ó kù sí òpó ọ̀rọ̀ tí ó dọ́gba, kí ìlà ọ̀rọ̀ òsì àti ti ọ̀tún sì dúró ní gíga kan náà, bí ìlà ìkọ́lé tí bíríkìlà ta sára ògiri. Àwòrán kan ni kí ó jẹ́ olórí. Àwòrán mẹ́fà tí wọ́n tóbi bákan náà dà bí ilé tí gbogbo ènìyàn jẹ́ baálé. Bí ẹni inú fọ́tò bá ń wo ọ̀tún, kí á gbé e sí òsì, kí ó má baà kẹ̀yìn sí ọ̀rọ̀ tí a kọ nípa rẹ̀. Ibi tí a fi sílẹ̀ ní funfun kì í ṣe òfo. Àgbàlá ni, ibẹ̀ ni ojú ti ń sinmi.

Àwòrán tí yóò bá kan etí ìwé gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí ní mìlímítà 3, kí abẹ tí ń gé ìwé má baà fi ìlà funfun sílẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ kí àwòrán gba ewé méjèèjì kí ó sì mọ́lẹ̀ kedere, ó yẹ kí ìbú rẹ̀ ní nǹkan bí àmì tíńtínní 5,000, nítorí 300 ni a ń fẹ́ nínú íǹṣì kan. Fọ́tò tí a gbà lórí WhatsApp kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, nítorí WhatsApp a máa dín àwòrán kù kí ó lè yára rìn. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò bàbá rẹ̀, kí ó gbé ògidì rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àmì ló kù, òun sì ni egungun ọ̀rọ̀ yìí. PageMaker kò mọ lẹ́tà Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Yorùbá. Àwọn ọlọ́gbọ́n dá ọgbọ́n sí i: wọ́n ṣe irú lẹ́tà kan tí ó jẹ́ pé bí o bá tẹ àmì mìíràn, ẹ tàbí ọ ni yóò hàn. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tí ó ṣe é. Nígbà tí a bá gbé iṣẹ́ náà dé ẹ̀rọ atẹ̀wé tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ a di wúruwùru. Ó sú ọ̀pọ̀ olóòtú, wọ́n ní kí á kúkú yọ gbogbo àmì kúrò. Báyìí ni ohun tí àwọn atẹ̀wé ìgbà òjé fi owó rà ṣe di ohun tí a dà sí ààtàn nítorí ìrọ̀rùn.

Àwíjàre yẹn ti tán. Láti 1991 ni ètò àgbáyé tí ń jẹ́ Unicode ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà nínú rẹ̀. Àwa àti àwọn ará Vietnam ni a jọ ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ní láti gbé àmì òkè lé lẹ́tà lórí, bí a ti ń gbé ẹrù lé ọmọ lórí. Bí irú lẹ́tà tí a yàn kò bá mọ ẹrù í gbé, àmì a fò lókè, tàbí kí ó jábọ́ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Irú lẹ́tà tí ó mọ̀ ọ́n gbé wà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní owó lórí. Wíwá wọn ni ó kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹwòran wa, nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé iṣẹ́ ìrántí, ti ìgbéyàwó tàbí ti ẹgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ẹ ní kí ó ká pépà lásán fún yín, kí ẹ lè rí ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí. Ẹ ní kí ó kọ ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ fún yín ní irú lẹ́tà tí ó fẹ́ lò, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Kí ó tó tẹ iṣẹ́, ẹ mú ẹ̀dà kan wálé, kí ọmọ kan kà á sókè sí etígbọ̀ọ́ àgbà ilé. Kọ̀ǹpútà lè mú ìlà tọ́, ó lè mú òpó dọ́gba. Kò lè mọ̀ bóyá Ògún ni tàbí ogun. Ẹni tí ó mọ ilé náà nìkan ló mọ̀.

Ní ọjọ́ ìnáwó tí mo wí yẹn, kí àlejò tó tú ká, mo rí ọmọ bàbá náà obìnrin kan tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí àwọn ìwé tí ó ṣẹ́kù wà lórí itan rẹ̀. Bírò ló mú lọ́wọ́. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àmì sórí Ògún: ọ̀kan sísàlẹ̀, ọ̀kan sókè. Ó ṣe é títí ó fi kan èyí tí ó kẹ́yìn. Ti ojú bàbá nìkan ni bírò kò lè tún ṣe.